Láti Tokyo lọ sí Tokawa lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ẹ bá mi wo ètò yìí

Àbẹ̀kẹ́Òkèèrè
Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ mú ìyá mi àti ọmọ mi ọkùnrin kúrò nínú ariwo Tokyo fún ọjọ́ kan, kí wọ́n lọ fojú rí òkun. Ìyá ti pé ọdún 68, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọ jẹ́ ọdún 8. Kamakura ò wù mí, èrò ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Choshi ni mo fọkàn sí, ní ìkángun ìlà-oòrùn Chiba níbi tí odò Tone ti ń wọ òkun. Láti ibẹ̀ a ó wọ reluwé kékeré Choshi Dentetsu títí dé Tokawa, abúlé apẹja tí irin rẹ̀ parí sí. Ọjọ́rú kan nínú oṣù kọkànlá la máa lọ, a ó sì padà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun mẹ́ta ló rú mi lójú. Ṣé reluwé Shiosai tó ń sáré ni ká wọ̀, àbí èyí tó ń dúró níbi gbogbo? Ṣé Suica, káàdì tí a fi ń sanwó ọkọ̀, tó fún gbogbo ọ̀nà? Ibo la ó kọ́kọ́ bọ́ sí, Inubo tí ilé ìmọ́lẹ̀ òkun wà, àbí Tokawa gan-an?

Bàbá Reluwé
Àbúrò, pẹ̀lú orúnkún màmá, Shiosai ni. Nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50 ló fi ń ti Tokyo dé Choshi, ẹ ò sì ní pààrọ̀ ọkọ̀ lọ́nà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Owó ọ̀nà àti owó ìsáré lápapọ̀ á wà láàárín 3,800 sí 4,200 yen fún àgbàlagbà kan ní àlọ nìkan, ọmọ ọdún 8 á san ìdajì.

Àwọn ibi tí èèyàn ti máa ń ṣìnà:

Ìkíní, pèpéle. Shiosai kì í gbéra láti òkè níbi tí àwọn ọkọ̀ Yamanote wà. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, ìpele karùn-ún sísàlẹ̀, lápá Marunouchi, pèpéle ọ̀nà irin Sobu tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1 sí 4. Bí ẹ bá ti inú ọkọ̀ Yamanote bọ́ọ́lẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ fún ìrìn yẹn. Àtẹ̀gùn tó ń gbéra fúnra rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà gùn.

Ìkejì, pèpéle kan náà ni Narita Express àti àwọn ọkọ̀ Sobu tó ń yára máa ń lò. Ẹ ka orúkọ tó wà lára ọkọ̀, ẹ má wo aago nìkan. Ẹni tó bá ṣèèṣì wọ Narita Express, pápákọ̀ òfuurufú ló ń lọ.

Ìkẹta, láti oṣù kẹta ọdún 2024 gbogbo ìjókòó Shiosai ló ti di èyí tí a ń gbà sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn kọ́ọ̀ṣì kan wà tí èèyàn lè kàn wọ̀ kó jókòó. Ìyẹn ti parí. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìsáré kí ẹ tó wọlé, níbi ẹ̀rọ tàbí lórí Ekinet, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ inú ọkọ̀ lẹ ti sanwó fún kọ́ńdọ́, àfikún 260 yen ni lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wọ èyí tó gbéra lẹ́yìn aago 7 àárọ̀. Shiosai ò pọ̀ lóòjọ́. Ẹni tí ti àárọ̀ bá já sílẹ̀ á dúró pẹ́.

Òjò_Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, owó yẹn pọ̀ jù. Èèyàn méjì àti ààbọ̀, àlọ àti àbọ̀, ó ti ń lọ sí 20,000 yen. Ẹ wọ Sobu tó ń yára láti Tokyo dé Chiba, bí ìṣẹ́jú 40, kí ẹ pààrọ̀ sí ọkọ̀ tó ń lọ Choshi. Kò ju wákàtí mẹ́ta lọ, ẹ ó sì fi bíi 8,000 yen pamọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú Seishun 18 fún ọkọ̀ tó ń dúró níbi gbogbo tiẹ̀ tún wà, ẹ lè lo ọjọ́ kan nínú rẹ̀ kí ẹ fún ẹlòmíì ní ìyókù. Suica náà tó fún gbogbo ẹ̀, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

Ọmọ Ẹ̀gbá Saitama
Òjò, mẹ́ta lo sọ, méjì ò rí bẹ́ẹ̀.

Seishun 18 kì í ṣe ti gbogbo ìgbà, àsìkò ọlidé ni wọ́n ń lò ó, oṣù kọkànlá ò sì sí nínú rẹ̀. Láti ìgbà òtútù ọdún 2024 wọ́n tún ti yí òfin rẹ̀ padà: ọjọ́ 3 tàbí ọjọ́ 5 tó tẹ̀ léra ni, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè lò ó. Pípín tíkẹ́ẹ̀tì kan láàárín ọ̀rẹ́ ti di ìtàn.

Suica ṣiṣẹ́ títí dé Choshi lórí JR, iléeṣẹ́ reluwé ńlá náà. Lórí Choshi Dentetsu kò ṣiṣẹ́ rárá. Owó lọ́wọ́ ni.

Èyí tó o sọ nípa ọkọ̀ tó ń dúró níbi gbogbo jóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló ń ti Chiba lọ sí Choshi. Ọ̀kan gba Naruto àti Asahi, ìyẹn Sobu fúnra rẹ̀. Ìkejì gba Narita àti Sawara. Wọ́n pàdé ní Matsugishi, ibùdó kan ṣáájú Choshi. Orúkọ “Choshi” ló máa wà lójú ọkọ̀ méjèèjì, nítorí náà kò sí èyí tó máa gbé yín sọnù, àmọ́ ẹ wo èyí tó máa kọ́kọ́ débẹ̀, kì í ṣe èyí tó máa kọ́kọ́ gbéra.

Mama Chiba
Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìmúra. Tọ́rọ̀ owó bá ká yín lára, ẹ wọ Shiosai lọ, kí ẹ wọ èyí tó ń dúró níbi gbogbo bọ̀. Àárọ̀ ni àkókò níye lórí. Lálẹ́ ọmọ á ti sùn, ìyá náà á ti jókòó jẹ́ẹ́.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí pípààrọ̀ ọkọ̀ ní Choshi, torí ibẹ̀ ni Suica ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Reluwé kékeré náà ò ní ilé tirẹ̀ lóde. Ìkángun pèpéle JR ló ti ń gbéra. Bí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀, ẹ máa rìn lọ tààrà lórí pèpéle náà títí ẹ ó fi rí ilé kékeré kan tí wọ́n kọ́ bí ọlọ alátẹ́gùn àwọn ará Họ́láńdì. Ẹ̀yìn rẹ̀ lọkọ̀ wà. Kò sí géètì tó ń tì láàárín méjèèjì, ibẹ̀ ni àlejò ti ń gbàgbé. Ẹ̀rọ Suica kékeré wà lẹ́bàá ibẹ̀. Ẹ fi káàdì kàn án kí ẹ tó kọjá, èyí tí wọ́n kọ “jáde” sí. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, èyí tí wọ́n kọ “wọlé” sí ni. Bí ẹ kò bá kàn án, káàdì á ṣì gbà pé inú JR lẹ wà, géètì kankan ò sì ní ṣí fún yín mọ́ títí òṣìṣẹ́ fi máa tún un ṣe. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bébà lẹ rà, ẹ fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́.

Tí ìṣẹ́jú bá wà, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ jáde lẹ́nu géètì JR bó ṣe yẹ, kí ẹ tún gbádùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ (reluwé kékeré ò ní), kí ẹ wá sọ fún òṣìṣẹ́ géètì pé “Choshi Dentetsu”. Á jẹ́ kí ẹ kọjá.

Bàbá Reluwé
Mama Chiba ti sọ ọ́ tán. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí ẹ má jáde lọ ra nǹkan nígboro Choshi tí ọkọ̀ kékeré bá ti wà níbẹ̀. Kìlómítà 6.4 péré ni gbogbo ọ̀nà náà, ibùdó 10, bí ìṣẹ́jú 20 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ní wákàtí kan ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú méjì ṣòfò ti fi wákàtí ṣòfò. Ẹ ya àwòrán ìwé àkókò Choshi Dentetsu sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì ti Tokawa bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín bọ̀ wá sẹ́yìn: aago wo lẹ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ẹ lè bá Shiosai ìrọ̀lẹ́?

Tíkẹ́ẹ̀tì: ẹ sọ fún kọ́ńdọ́ inú ọkọ̀ pé “ichinichi” lẹ fẹ́, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì ojúmọ́ tí wọ́n ń pè ní Komawari Tegata. Bíi 700 yen ni fún àgbàlagbà, ìdajì fún ọmọ. Láti Choshi dé Inubo tàbí Tokawa ní àlọ nìkan jẹ́ bíi 350. Nítorí náà bí ẹ bá kàn lọ tí ẹ sì bọ̀, ọgbọọgba ni. Bọ́ọ́lẹ̀ kan péré láàárín ọ̀nà, ẹ ti jèrè. Ẹ mú owó ẹyọ àti 1,000 yen dání. Ẹ má na 10,000 sí kọ́ńdọ́, kì í ṣe ilé ìfowópamọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá Saitama
Ní ti ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ bọ́ sí: Tokawa ni. Ẹ lọ dé òpin, kí ẹ máa wá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ni abúlé apẹja máa ń dùn wò, tí nǹkan ṣì ń lọ ní èbúté. Ilé ibùdó náà jẹ́ ti pákó, ti ọdún 1923 nígbà tí ọ̀nà yìí bẹ̀rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀, ọmọ ọdún 8 á fẹ́ràn rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń tètè pa ilé oúnjẹ dé, nítorí náà ẹ jẹun ọ̀sán ní Tokawa kí aago kan tó lù, kí ẹ tó bọ́ sí Inubo.

Mama Chiba
Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ wo oòrùn. Lóṣù kọkànlá, ní nǹkan bí aago 4:30 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ìmọ́lẹ̀ Inubosaki ń tì ní nǹkan bí aago 4. Tí ẹ bá fi Inubo sí ẹ̀yìn, tí ẹ wá pẹ́ díẹ̀ nídìí oúnjẹ, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì lẹ ó bá. Lọ́nà kejì, òkun Inubosaki kọjú sí ìlà-oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló yẹ ẹ́. Tokawa kọjú sí gúúsù, ó ṣì mọ́lẹ̀ dáadáa ní aago 3. Inubo láàárọ̀, Tokawa lọ́sàn-án.

Pé ilé oúnjẹ ń tètè tì, mo gbà pẹ̀lú rẹ. Ilé oúnjẹ ò pọ̀ ní Tokawa, ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ sì ni àwọn kan ń sinmi. Ẹja tí wọ́n bá sè lọ́sàn-án lè tán ní aago 2. Ẹ jẹun ní Inubo, kí ẹ gbé nǹkan ìpanu lọ Tokawa. Sadín àti ẹja tí àwa ń pè ní Titus ni ìlú yìí fi lókìkí. Èbúté Choshi ti gba ipò kìíní ní Jàpáánì léraléra láti 2011 ní ti ìwọ̀n ẹja tí wọ́n ń kó gúnlẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá Saitama
Ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo gbà. Ẹ lọ Inubo láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ èyí: ibùdó Inubo sí ti Tokawa ò tó kìlómítà kan lórí irin, ẹsẹ̀ á gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ọkọ̀ bá já yín sílẹ̀ ní ọ̀kan, kì í ṣe dandan kí ẹ jókòó wákàtí kan. Màmá lè jókòó dúró de ọkọ̀ pẹ̀lú ẹnì kan, kí ọmọ fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹnì kejì… àmọ́ mẹ́ta péré ni yín, nítorí náà ẹ kàn tẹ̀ lé ìwé àkókò.

Òjò_Ìbàdàn
Mo gba ìbáwí lórí Suica àti Seishun. Ní ti ilé ìmọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí màmá gun un. Àtẹ̀gùn 99 ló wà nínú rẹ̀, ó yí po bí ìkarahun ìgbín, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè, ìkẹyìn rẹ̀ sì tún le ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè gòkè kó má lè sọ̀kalẹ̀.

Bàbá Reluwé
Òjò sọ òótọ́ níbí. Owó ìwọlé ilé ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 300 yen fún àgbàlagbà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ò san. Ọdún 1874 ni wọ́n tan án, Richard Henry Brunton, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Skọ́tíláǹdì, ló ya àwòrán rẹ̀, bíríkì tí wọ́n sun ní Jàpáánì fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 31. Kí màmá jókòó nísàlẹ̀. Òkun hàn láti àgbàlá rẹ̀ láìgun ohunkóhun.

Dípò rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ rí òkun láti òkè, ibi ìwòran kan wà lórí òkè Atago tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí òkè tí a ti ń rí i pé ayé rí róbótó. Bí ìṣẹ́jú 15 ni láti ibùdó Inubo, owó ìwọlé bíi 420 yen. Òkun yí i ká fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ sì lè rí bèbè gíga Byobugaura lápá ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà lọ síbẹ̀ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà ẹ gbé takisí. Àmọ́ takisí kì í dúró lẹ́nu ibùdó Inubo tàbí Tokawa bí ẹni ń dúró de èrò ní Ojúẹlẹ́gba. Ẹ ní láti pè é.

Onígòkè
Byobugaura tí bàbá dárúkọ yìí, bèbè náà gùn tó kìlómítà 10, gíga rẹ̀ tó mítà 40 sí 50. Àwọn kan á ní kí ẹ ti Tokawa rìn lọ síbẹ̀. Fún ẹ̀yin, rárá. Bí ìdajì wákàtí ni láti ibùdó Tokawa dé èbúté ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ ó sì tún rìn ín padà. Òkúta tún máa ń já láti ara bèbè náà, wọ́n sì lè ti ojú ọ̀nà. Ẹ wò ó láti òkè Atago, ó tó.

Etíkun Kimigahama ní àríwá ilé ìmọ́lẹ̀ lẹ́wà, ó dà bí ibi tí ọmọ á ti fẹ́ bẹ́ sómi. Òfin kò gbà á láti lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ nígbàkigbà nínú ọdún, torí omi abẹ́ ibẹ̀ ń fa èèyàn lọ. Kó má wọ̀ ọ́ kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mama Chiba
Ẹ tún mú aṣọ tó ń dènà atẹ́gùn. Ìkángun ilẹ̀ ni ibẹ̀, kò sí nǹkan tó dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ojú ọjọ́ Tokyo ò ní sọ ti Choshi fún yín. Agboòrùn ò wúlò níbẹ̀, á yí sódì. Aṣọ òjò tó ní fìlà lẹ nílò. Bí afẹ́fẹ́ bá le, wọ́n lè má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde sí òkè ilé ìmọ́lẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́Òkèèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: Shiosai lọ, Inubo láàárọ̀, oúnjẹ níbẹ̀, Tokawa lọ́sàn-án, ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú bọ̀. Ìbéèrè kan kù. Mo wo àwòrán àwọn ibùdó náà, orúkọ méjì-méjì ni mo ń rí lára pátákó. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti gidi? Ọmọ tún ní kí n béèrè apá ibi tí òun máa jókòó kí òun lè rí òkun.

Ọmọ Ẹ̀gbá Saitama
Orúkọ kejì jẹ́ ti ìpolówó. Iléeṣẹ́ náà ò lówó, ó ta ẹ̀tọ́ láti fún ibùdó lórúkọ àdàpè fún àwọn oníṣòwò. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù ni Kasagami-Kurohae: oníṣòwò ọṣẹ ìfọrun ló ra tirẹ̀, wọ́n wá yí i sí “Kamige-Kurohae”, tó fi dà bíi pé irun dúdú ń hù. Orúkọ gidi lẹ ó máa rí nínú ìwé àkókò. Ibùdó yẹn náà ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ti ń fún ara wọn láyè, nítorí irin kan ṣoṣo ló wà. Bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, kò bàjẹ́.

Bàbá Reluwé
Sọ fún ọ̀gá kékeré náà pé kó má retí òkun láti ojú fèrèsé. Ohun tó ń ya àlejò lẹ́nu jù nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ òkun ni irin náà wà, àmọ́ ilé, igi àti oko kábéèjì ló máa rí, òkun kàn máa ń yọjú fẹ́ẹ́rẹ́ ní agbègbè Ashikajima. Ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an ni kó dúró sí. Ó máa rí bí irin ṣe wọ inú igi tó bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ bí ihò lẹ́bàá Moto-Choshi. Kó sì tún fimú gbóòórùn ní Nakanocho, ibùdó kìíní lẹ́yìn Choshi: ilé iṣẹ́ Yamasa tó ń ṣe shoyu, omi ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1645, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń rùn bí ẹ̀wà sóyà tó ti kan. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn ọkọ̀ náà, àlòkù ni gbogbo wọn. Àwọn kan ti ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ reluwé Keio àti Iyo kí wọ́n tó dé, àwọn tó dé kẹ́yìn sì ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ reluwé Nankai wá.

Mama Chiba
Kí ẹ tó kúrò ní Inubo, ẹ ra nure-senbei nínú ibùdó. Bisikí ìrẹsì tí wọ́n rì sínú shoyu nígbà tó ṣì gbóná ni, ó rọ̀, kò le bíi senbei yòókù, eyín àgbà lè jẹ ẹ́. Láti 1995 ni reluwé yìí ti ń tà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, nígbà tí owó àyẹ̀wò ọkọ̀ kò sí mọ́, iléeṣẹ́ náà bẹ gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n ra nure-senbei kí ọkọ̀ má bàa dúró. Wọ́n rà á débi pé àwọn tó ń ṣe é ò lè ká a mọ́. Títí dòní, owó tó ń wọlé láti ara rẹ̀ ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Àmọ́ iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń yọ màmá lẹ́nu, ẹyọ kan tó, kí ẹ mú omi dání.

Òjò_Ìbàdàn
Mama, ṣé ó máa ń tètè bàjẹ́? Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi rà bọ̀.

Mama Chiba
Èyí tó wà nínú ọ̀rá dídì máa ń pẹ́, wọ́n kọ ọjọ́ sára rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá yan lójú yín, ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀ bó ṣe ń gbóná, tó bá tutù tán ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.